Ẹyẹ Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Mi

Oníṣòwò obì ni bàbá mi. Kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ló ti ń kó obì gbànja láti Ṣàgámù lọ sí Kano, ibẹ̀ ló sì ń gbé. Iléyá ló máa ń mú un wálé. Tó bá dé, ilé á kún, àlejò á jókòó títí dé ọ̀ọ̀dẹ̀, èmi á máa yọjú láàárín ẹsẹ̀ àwọn àgbà kí n lè rí i. Kí ojú mi tó mọ́ ojú rẹ̀ dáadáa, ọkọ̀ akẹ́rù á ti dé, wọn á ti to apẹ̀rẹ̀ obì sínú rẹ̀, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn. Bàbá àwọn ọmọ ilé kejì máa ń nà wọ́n lójoojúmọ́, mo sì máa ń jowú wọn nítorí ẹgba náà.

Nítorí náà, nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀, tó ní òun ò lè máa gun ọkọ̀ kiri mọ́, tó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ wá sílé ní ìparí òjò ọdún kan tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣì tuntun, inú mi dùn bí inú ọmọ kékeré. Mo ti lọ́kọ nígbà náà, mo sì ti bímọ méjì. Mo sáré lọ bá ìyá mi níbi tó ti ń ku gaàrí.

Mo ní, “Ìyá mi, Bàbá ti di tiwa.”

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Jẹ́ ká wò ó ná.”

Ẹyẹ ni kò jẹ́ kó di tiwa.

Kò tíì pẹ́ tó dé tó fi rán mi lọ sí Sábó pé kí n ra jéró wá. Mo rò pé oúnjẹ Òkè Ọya ló ń wù ú, mo sì yára lọ, mo ṣa èyí tó mọ́ jù lọ. Nígbà tí mo dé, kò gbé e fún ìyá mi. Ó wá abọ́ tánganran àtijọ́ kan tó ti lu nídìí, ó gbé e sórí kùkùté lábẹ́ igi ọsàn tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó da jéró sínú rẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó jókòó sórí àpótí, ó sì súfèé. Ó fà á gùn lẹ́ẹ̀kan, ó gé e kúrú lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹyẹ tó dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ológoṣẹ́ kan wá, ó wọ̀tún wòsì, ó ṣa ẹyọ kan, ó fò lọ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún.

Kí ọyẹ́ tó mú dáadáa, ẹ̀yìnkùlé wa ti di ọjà ẹyẹ. Ológoṣẹ́ ń jà nínú abọ́, àdàbà ń rọra rìn nísàlẹ̀, wọ́n ń ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀ bí àwọn ìyá àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà. Ọyẹ́ ọdún yẹn gbẹ. Ètè gbogbo wa là, omi kànga wa lọ sísàlẹ̀. Bàbá mi ní oúnjẹ nìkan kò tó, ó ní òùngbẹ ló ń pa ẹyẹ lásìkò ọyẹ́, pé kí n máa bu omi sínú ìsaàsùn pẹlẹbẹ kan kí n tó jókòó ti iṣẹ́ mi. Aránṣọ ni mí, yàrá tí èmi àti ọkọ mi háyà sì ṣókùnkùn, nítorí náà abẹ́ páànù lẹ́yìn ilé bàbá mi ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí. Ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe. Èmi ni mò ń fa omi ẹyẹ láti inú kànga, èmi náà ni mò ń gbá ìgbẹ́ wọn.

Ohun tó dùn mí jù ni ìkíni. Tí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀ pé, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá,” á ní, “Hẹn, o jí ire,” ojú rẹ̀ á ti wà lórí igi. Ṣùgbọ́n tí àdàbà bá bà, bàbá mi, àgbàlagbà tó ti lọ sí Mẹ́kà, á ṣí fìlà, á ní, “Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́?” Mo mọ̀ pé bàbá kì í pe ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀yin. Síbẹ̀, kí àdàbà jẹ́ ẹ̀yin kí èmi jẹ́ ìwọ, ó ń ta mí lára.

Ọ̀kan wà nínú àwọn àdàbà náà tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ká kò. Ìyẹn ni àyànfẹ́. Tó bá pẹ́ kó tó dé, bàbá mi á dìde, á máa wo orí òrùlé aládùúgbò kiri. Ibà mú mi ní àkókò kan, n kò lè wá ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo padà dé, mo kúnlẹ̀ kí i, mo dúró pé á bi mí pé kí ló ṣe mí.

Ó ní, “Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ kíká yẹn kò wá lánàá?”

Mo dìde, mo jókòó ti ẹ̀rọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Abẹ́rẹ́ ń gún aṣọ bí ẹni ń gún iyán.

Mo fẹjọ́ sun ìyá mi. Mo ní bàbá tí mo retí láti kékeré ló wá ń fi ojú fo mí wo ẹyẹ. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹyẹ lò ń bá du bàbá? Ẹyẹ sàn o. Ẹyẹ kì í ní kí wọ́n gba ilé fún òun.” N kò mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo rò pé àwàdà ni.

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, ikán abìyẹ́ tú jáde nínú ilẹ̀ bí èéfín, gbogbo ẹyẹ sì gbàgbé jéró. Àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ ń já wọn gbà lójú ọ̀run. Àwọn lékeléke tó ti ń tẹ̀lé màlúù kiri ní ẹ̀bá ọ̀nà Ògèrè láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n gba ọ̀nà àríwá lọ. Ẹ̀gà bo igi ọ̀pẹ ilé kejì, wọ́n ń ya imọ̀, wọ́n ń hun ilé, ariwo wọn kò jẹ́ ká gbọ́ rédíò. Nínú abọ́ bàbá mi, jéró hù, ó yọ ewé tútù.

Inú mi dùn. Mo ní àkókò tèmi ti dé. Mo se ìkọ́kọrẹ́ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, mo fi ẹja gbígbẹ sí i bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mo gbé àpótí, mo jókòó tì í. Ó jẹ díẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára abọ́ tó hu ewé yẹn.

Ó ní, “Nígbà òjò, wọn kì í nílò mi.”

Ohùn tó fi sọ ọ́ ló bí mi nínú. N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi.

“Bàbá, èmi ńkọ́? Mo wà níbí lójò, mo wà níbí lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ̀ ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò lè bá èmi sọ̀rọ̀?”

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Ẹyẹ kì í bi mí pé níbo ni mo wà láti ọjọ́ yìí.”

“Èmi náà ò bi yín rí, Bàbá.”

“O ò fẹnu bi mí. Ojú rẹ ń bi mí láràárọ̀.”

Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo kó àwo, mo wọlé. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ fínrínfínrín pé bàbá mi ní ilé mìíràn ní Òkè Ọya. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí mi létí rí. Tí mo bá ti yọ, àwọn àgbà á dákẹ́, wọn á bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

Ọyẹ́ padà, ẹyẹ padà, owú mi náà sì padà. Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ náà, bàbá mi ti lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí, èmi nìkan wà lẹ́yìn ilé tí mò ń ṣẹ́ etí aṣọ, obìnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Ó gbé báàgì dání, ó fi ìborùn bo orí, eruku ọ̀nà jíjìn wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo rò pé oníbàárà ni. Àwọn ẹyẹ kò mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn fò sórí òrùlé fìrì.

Obìnrin náà kí mi. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó wo abọ́, ó wo òrùlé. Ó wá súfèé. Ó fà á gùn lẹ́ẹ̀kan, ó gé e kúrú lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ẹyẹ sọ̀kalẹ̀.

Ọwọ́ mi dúró lórí aṣọ. Mo ní, “Ta ló kọ́ yín ní ìyẹn?”

Ó ní, “Bàbá mi ni.”

“Ta ni bàbá yín?”

Fìlà bàbá mi kan wà lórí ìṣó lára ògiri. Ó fi àgbọ̀n júwe rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó ni fìlà yẹn.”

Ìyá mi ló kọ́kọ́ jáde. Ó wo obìnrin náà láti òkè dé ilẹ̀, kò sì ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. Ó ní, “Ìwọ rèé.” Ó bu omi fún un, ó ní kó jókòó. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, “Kú àṣẹ̀yìndè ìyá rẹ. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.” Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé obìnrin ará Ọ̀ffà kan tó bá bàbá mi gbé ní Kano ti kú, díẹ̀ kí bàbá mi tó kó ẹrù rẹ̀ wálé. Nígbà náà ló yé mi pé orúnkún nìkan kọ́ ló mú un wálé, àárò wa kọ́ sì ni. Ọ̀fọ̀ ló gbé e wá bá wa, tí mò ń jó pé ó ti di tiwa.

Nígbà tí bàbá mi dé láti mọ́ṣáláṣí tó rí obìnrin náà, ó di òpó páànù mú. Ó pè é ní orúkọ àpèjẹ́ kan tí n kò gbọ́ rí. Ó sunkún. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò rí omi lójú bàbá mi, kò sì fún mi ní orúkọ àpèjẹ́ kankan. Mo ká aṣọ tí mò ń rán, mo ní orí ń fọ́ mi, mo lọ sí ilé ọkọ mi.

Ọbàkan mi lo gbogbo ọyẹ́ náà lọ́dọ̀ wa. Ó ní òun fẹ́ gba òwò obì náà ṣe, pé òun fẹ́ mọ àwọn tó ń tà á fún bàbá wa. Láàárọ̀ kí ó tó jáde, òun àti bàbá mi á jókòó ti abọ́ ẹyẹ. Wọ́n ń sọ Haúsá mọ́ Yorùbá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi ń wa ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí ọbàkan mi ń sọ fún àwọn ọmọ mi bí ọ̀rọ̀ ẹyẹ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun jẹ́ ọmọ aláìsàn, ikọ́ kì í jẹ́ kí òun lè jáde nígbà ọyẹ́, bí àwọn ọmọ yòókù bá ń ṣeré níta, òun á máa sunkún nínú ilé. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í da jéró sábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́bàá fèrèsé òun kí òun lè rí ẹyẹ wò.

Mo jáwọ́ nínú ẹ̀rọ. Àwọn ẹyẹ tí mo ti rò pé wọ́n gba bàbá mi lọ́wọ́ mi, nítorí ọmọ mìíràn ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn. Èmi náà ṣàìsàn ní kékeré. Ìgbóná mú mi, igbe mi gba gbogbo ilé, kò sí ẹni tó pe ẹyẹ wá bá mi.

Mo gbìyànjú láti súfèé. Balùwẹ̀ ni mo ti ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi. Atẹ́gùn lásán ló jáde. Ìyá mi gbọ́, ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, “Obìnrin kì í súfèé nílé wa.”

Mo ní, “Òun ńkọ́?”

“Òun, òde ni wọ́n ti tọ́ ọ.”

Kí ọbàkan mi tó lọ, ó ní kí n rán bùbá kan fún òun. Mo mú òkùn ìwọnṣọ, mo ní kó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo wọn èjìká rẹ̀, mo sì rí i pé èjìká bàbá mi ni, bó ṣe rọ̀ lápá òsì, bí tèmi náà ṣe rọ̀.

Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ̀ ń bínú sí mi.”

“N kò bínú.”

“Ẹ̀ ń bínú. Èmi náà bínú sí yín rí, kí n tó mọ ojú yín. Gbogbo ọjọ́ Iléyá ni. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ń bá bàbá wọn lọ sí yídì, èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi á ní, ‘Bàbá rẹ ti lọ bá àwọn tó ni ín.’ Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn: àwọn tó ni ín! Tó bá sì ku díẹ̀ kó máa bọ̀ níbí, á mú mi lọ sọ́jà, á ra bàtà yín. Ẹsẹ̀ mi ló fi ń wọ̀n ọ́n. Á ní ká fi ìwọ̀n ìka kan kún un, torí pé ẹ jù mí lọ. Mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí bàtà náà há yín.”

Òkùn ìwọnṣọ dúró lọ́wọ́ mi. Mo rántí àwọn bàtà náà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tóbi jù, ìyá mi á fi òwú dí wọn níwájú, èmi á sì máa rò pé bàbá tó mọ ọmọ rẹ̀ ì bá mọ bí ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣe tó.

Mo ní, “Kò há rí. Ó máa ń bọ́ lẹ́sẹ̀ mi ni.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi yọjú wo ohun tó ń ṣe wá. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, owú inú mi kò kúrò. Ó kàn rí ẹnìkejì bá jókòó ni.

Ó padà sí Kano nígbà tí ìkùukùu òjò àkọ́kọ́ ń ṣú. Bàbá mi kò jẹun lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdọọdún ló ń wá lásìkò ọyẹ́, tí yóò kó obì lọ. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti ku díẹ̀ kó dé, mo máa ń ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi súnmọ́ abọ́ ẹyẹ sí i.

Ojú ló mú bàbá mi padà fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé òjìji ìyẹ́ nìkan ló ń rí. Á gbọ́ kí nǹkan bà sórí abọ́, á yí ojú sí mi.

“Ta ló dé?”

“Àdàbà méjì, Bàbá. Ìbákà kan wà lórí ẹ̀ka, ẹ̀rù ń bà á.”

“Kí ni wọ́n ń ṣe?”

“Ọ̀kan ń lé èkejì. Èkejì ò dá a lóhùn.”

“Má dákẹ́.”

N kò dákẹ́. Mò ń ránṣọ, mò ń ròyìn. Bí mo bá ti ròyìn tán, òun náà á bẹ̀rẹ̀, á sọ ti ọ̀nà Òkè Ọya, ti alẹ́ tí ọkọ̀ wọn kú sínú igbó, ti bí obì ṣe ń jẹrà tí ewé orí rẹ̀ bá gbẹ. Ó sọ ti obìnrin ará Ọ̀ffà yẹn pẹ̀lú, bó ṣe máa ń fi omi tútù dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Mò ń gbọ́, ó ń dùn mí, síbẹ̀ n kò fẹ́ kó dákẹ́. N kò bi í ní nǹkan kan. Mo kọ́ láti máa gbé ojú mi sórí aṣọ.

Nígbà náà ni mo wá ń jowú nítorí ẹyẹ dípò kí n máa jowú wọn. Ìyàwó tuntun kan dé ilé kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da àjẹkù ìrẹsì sí ẹ̀yìn ilé wọn. Gbogbo ológoṣẹ́ wa ló fọwọ́ kó lọ. Bàbá mi béèrè pé, “Ta ló dé?” n kò sì rí ẹni tí mo lè dárúkọ fún un. Mo lọ na ọrùn lórí ọgbà.

Mo ní, “Ìyàwó, oúnjẹ oníyọ̀ ń pa ẹyẹ o.”

Ó ní, “Háà! Ẹ má bínú, Mọ̀ọ́mì, n kò mọ̀.”

Èmi náà kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Àwọn ológoṣẹ́ padà wá kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Bàbá mi kú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́sàn-án, lórí àga rẹ̀ lábẹ́ páànù. Ọbàkan mi kò lè bá ìsìnkú, ṣùgbọ́n ó dé fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ, òun àti àwọn oníṣòwò obì kan láti Kano. Inú ọ̀ọ̀dẹ̀ kún. Àáfà ní kí àkọ́bí olóògbé bọ́ síwájú. Ọbàkan mi ló ti jókòó níwájú, òun sì ni àwọn ará Kano mọ̀, wọ́n ti ń yíjú sí i.

N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí tí mo fi sọ pé, “Èmi ni.”

Ohùn mi ròkè ju bó ṣe yẹ nílé ọ̀fọ̀ lọ. Àwọn èèyàn wẹ̀yìn. Ọbàkan mi wò mí, ó sún sẹ́yìn lórí ẹní, ó fà mí lápá kí n jókòó síbi tó ti kúrò, ó sì di etí ìró mi mú títí àdúrà fi parí.